Aṣọ tí Ìyá Fi Bo Ògiri

Ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ ta ló máa ń fetí sí ilẹ̀kùn? Ìyá dì í mú láàárọ̀ kùtù, ó fà á, kò wá. Ó tún fà á, ó fi ẹsẹ̀ kan ti ògiri bí ẹni tó ń fa ìgbín yọ nínú ìkarahun. Ilẹ̀kùn ní òun kò lọ síbì kankan.

"Ìyàwó mi! Ta ló ti ilẹ̀kùn yìí pa?"

"Ẹ̀yin lẹ tì í lálẹ́ àná, Màámi," ni Aránṣọ, ìyàwó ọmọ rẹ̀, dáhùn láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Aṣọ ìgbéyàwó funfun kan ló tẹ́ sórí itan rẹ̀, ó ń sáré parí etí rẹ̀ nítorí ọ̀la ni ìyàwó tó ni ín ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Èmi tì í, èmi náà sì ti yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Òun gan-an ni kò gbà. Ilé ìtọ̀ wà lẹ́yìnkùlé, èmi wà ní pálọ̀, àpò ìtọ̀ arúgbó kì í sì í gbọ́ àlàyé. Ẹ wá nǹkan ṣe kí n tó ṣe ohun tí mo torí rẹ̀ bú Sísí láàárọ̀ yìí!"

Sísí, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò tíì lè ka ẹ̀ẹ́wàá pé, bú sẹ́rìn-ín lórí ẹní tó tọ̀ sí. Ó fi ẹsẹ̀ ti póò rẹ̀ sí ìyá bàbá rẹ̀. Kí ni ènìyàn fẹ́ ṣe? Ìyá ká ìró, ó jókòó.

"Ẹ wo ìdí tó bí ọkùnrin márùn-ún láyé," ló ń sọ, tó ń rẹ́rìn-ín ara rẹ̀ títí omijé fi ń bọ́. "Ìdí ńlá, póò kékeré. Bó bá há mọ́ mi, ẹ sin mí pẹ̀lú ẹ̀."

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àdúrà òwúrọ̀ ni. Àdúrà kan náà ni Ìyá máa ń gbà lójoojúmọ́, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn bàtà tó ti mọ ẹsẹ̀: "Olúwa, ìwọ ni òrùlé wa. Bí ti ẹlòmíràn bá ń wó, kí tiwa má wó. Bí ẹlòmíràn bá ń sunkún, kí ẹ̀rín má tán lẹ́nu wa. Ní orúkọ Jésù." Àmín tí ilé máa ń ṣe sí i, àwọn ará òkè a máa gbọ́ ọ. Àjà mẹ́ta ni ilé náà ní tẹ́lẹ̀. Onílé ti wá ń kọ́ ẹ̀kẹrin lé e báyìí. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ìdílé Ìyá ń gbé.

"Ìyàwó mi dà?" Ohùn kan gba ojú fèrèsé wọlé. Ọlọ́dẹ ni, ọkùnrin àpọ́n tó ń ṣọ́ ilé ìtajà irin lóru, tó sì ń sùn lọ́sàn-án ní yàrá kan ní òkè wọn. Kò sí òwúrọ̀ tí kò ní ra búrẹ́dì gbígbóná bọ̀ fún Ìyá.

"Ọkọ mi, má yọjú o. Mo wà lórí ìtẹ́."

"Kábíyèsí! Ọba kì í jókòó pẹ̀lú inú òfìfo." Ó ki búrẹ́dì náà bọ àárín irin fèrèsé. Sísí sáré gbà á, ó dì í mọ́ àyà bí ọmọ-lańgidi. "Bàbá Búrẹ́dì" ló ń pè é.

"Ọkọ tó ń sùn lọ́sàn-án, tó ń ṣọ́ ilé onílé lóru," ni Ìyá wí, "kí ni ìyàwó fẹ́ fi ṣe?"

"Kó máa jẹ búrẹ́dì ẹ̀, kó máa dúpẹ́."

Òòlù bẹ̀rẹ̀ sí dún lókè: gbò, gbò, gbò. Ọlọ́dẹ fa ojú ro. Ó yọ òwú díẹ̀ nínú àpò, ó fi han Ìyá. "Òun ni mo fi ń dí etí mi báyìí kí n tó lè rí oorun sùn. Bí kàkàkí ọjọ́ ìkẹyìn bá dún, Ìyá, ẹ má wulẹ̀ pe orúkọ mi. Ẹ wá fọwọ́ jí mi, n kò ní í gbọ́."

"Bó o bá ń ra búrẹ́dì déédéé, màá jí ẹ."

Ó yán, ó gun àtẹ̀gùn lọ sùn.

Ìgbà yẹn ni Birikila, ọmọ Ìyá, ọkọ Aránṣọ, jí. Ó ti lọ ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà jíjìn ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ débi pé nígbà tó dé lálẹ́ àná, kò tan iná kó tó ṣubú lé ibùsùn. Aya rẹ̀ ní kó wá fa ilẹ̀kùn. Kò fà á. Ó kàn wo òkè rẹ̀. Orí férémù tó yẹ kó gún ti tẹ̀ láàárín bí ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru ẹrù pẹ́.

"Òjò ló mú igi wú," ni Ìyá wí.

"Òjò wo, Ìyá? Ìgbà wo la rí òjò gbẹ̀yìn?" Ó yíjú sí ògiri ọ̀tún. "Dígí mi dà?"

Kó tó rìnrìn-àjò ló ti rí i pé ògiri náà sán, sísán tí kò ju fọ́nrán irun lọ. Ó wá ṣe ohun tí àwọn birikila máa ń ṣe: ó fi símẹ́ńtì lẹ ègé dígí tẹ́ẹ́rẹ́ kan dábùú ojú sísán náà. Dígí kì í tẹ̀. Bí ògiri bá dúró jẹ́ẹ́, dígí á wà bẹ́ẹ̀. Bí ògiri bá ń rìn, dígí á kán. Ó ti sọ fún wọn kí wọ́n máa wò ó láràárọ̀. Àmọ́ níbi tó fi dígí sí, aṣọ ló wà níbẹ̀ báyìí, aṣọ aláwọ̀ búlúù tó dára, tí wọ́n fi òwú wúrà kọ sí lára pé: OLÚWA NI ÒRÙLÉ WA.

"Ta ló gbé èyí kọ́ síbí?"

"Èmi ni," ni Ìyá wí, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àwọn ẹgbẹ́ àdúrà ń bọ̀ wá ṣe ìpàdé níbí. Ògiri wá rí bí iwájú orí ẹni tó jà nílé ọtí. Mo ní kí ìyàwó mi rán nǹkan tí mo lè fi bò ó."

Birikila ká aṣọ náà sókè.

Dígí ti kán sí méjì. Ìdajì ti jábọ́ sílẹ̀. Sísán náà ti fẹ̀ débi pé Sísí, tí ẹnikẹ́ni kò rí i tó dé ibẹ̀, ki ìka rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì fà á yọ. Wọ́n rí ìmọ́lẹ̀ ìta nínú ògiri.

Òkè ń dún gbò, gbò, eruku sì ń dà nínú sísán náà díẹ̀díẹ̀ bí ìyẹ̀fun láti inú asẹ́. Aránṣọ ń wò ó, abẹ́rẹ́ wà láàárín eyín rẹ̀.

"Ẹ gbé ọmọ," ni Birikila wí. "Ẹ má kó nǹkan kan. A ń jáde."

"Ká jáde lọ síbo?" Aránṣọ tu abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Bàbá Sísí, ẹ̀rọ mi ńkọ́? Aṣọ oníyàwó ńkọ́? Àbí ẹ fẹ́ kí n wá máa rán aṣọ ìgbéyàwó ní títì?"

"Bí ilé bá wó lù ọ́, ta ni yóò rán an?"

"Ilé kò ní í wó! Ṣé kì í ṣe pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà ni? Ẹ̀yin náà ṣe àmín lójú oorun, mo gbọ́ yín. Ká wá gbàdúrà tán ká máa sá bí ẹni tí Ọlọ́run rẹ̀ jẹ́ adití? Màámi, ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀!"

Ìyá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó he ègé dígí tó jábọ́ nílẹ̀, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ó wò ó, ó wo aṣọ, ó tún wo dígí.

"Ìyàwó mi," ló wí, "a ní kí Olúwa bò wá. Ó gbọ́. Ó rán dígí sí wa. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, èmi sì mú aṣọ tó ní orúkọ rẹ̀ lára, mo fi bò ó lẹ́nu."

"Màámi, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ kọ́ nìyẹn."

"Ó dáa. Wá fi ìgbàgbọ́ rẹ dí ihò yìí kí n rí i."

Aránṣọ jókòó padà sí ìdí ẹ̀rọ. Ó ní bí òun bá parí etí aṣọ, òun á jáde, kì í ṣe nítorí ògiri, nítorí àlàáfíà ni. Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí ké.

Birikila fi irin já ìdè ilẹ̀kùn, ó gbé e kúrò pátápátá, ó fi tì sára igi kan létí títì. Ìyá gbé Sísí tòun ti búrẹ́dì rẹ̀ sọdá títì. Birikila sáré gun òkè, ó ń kan ilẹ̀kùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kan ti Ọlọ́dẹ, ó pè é, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rò pé kò tíì ti ibi iṣẹ́ dé. Báwo ni ì bá ṣe mọ̀? Òun fúnra rẹ̀ ń hanrun nígbà tí búrẹ́dì gba ojú fèrèsé wọlé.

Tíṣà tó ń gbé ní àjà kẹta kò tilẹ̀ ju ìwé ìròyìn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ògiri ló lanu, aláǹgbá wọ̀ ọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀gbẹ́ni. Má kó jìnnìjìnnì bá àwọn ọmọ mi."

Onílé wà lókè pátápátá láàárín àwọn òṣìṣẹ́, ó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí ibi tí wọ́n á to búlọ́ọ̀kù sí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn dúró. Ògiri ìsàlẹ̀ ń rìn. Dígí ti kán."

"Dígí wo? Ṣé irun lo fẹ́ gé ni?" Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. "Wò ó, bí ilé mi bá ń bà ọ́ lẹ́rù, ẹnu ọ̀nà wà ní ṣíṣí. Ẹni tí yóò gba yàrá yẹn ti ń dúró tipẹ́. Ìwọ tí o ń kọ́ ilé fún gbogbo ayé tí o kò ní ọ̀kan, èmi lo fẹ́ kọ́ bí ilé ṣe ń dúró?"

Birikila sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ó bá ìyá rẹ̀ lórí àga onígi ní iwájú ilé tó kọjú sí tiwọn, ó sọ fún un pé àwọn ará òkè kò dá òun lóhùn, pé Onílé fi òun ṣẹ̀sín, pé Aránṣọ náà ṣì wà nínú ilé.

"Ògiri yìí kò lanu fún aláǹgbá," ni Ìyá wí. "Àwa ló fẹ́ gbé mì. Gba ọmọ yìí lọ́wọ́ mi. Agogo ìpàdé àdúrà nìkan ni mo mú jáde."

Kí á má purọ́, ohun tí Ìyá ṣe lẹ́yìn èyí, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tíì ṣe é rí. Ó dúró sáàárín títì, ó ń lu agogo, ó ń pariwo, "Ẹ gbà mí o! Ẹ wá wò mí o!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí jó. Ó tú gèlè, ó jù ú. Ó tú ìró, ó jù ú. Ó ku yẹ̀rì nìkan, yẹ̀rì tí ayé ti sú rọ́bà rẹ̀, ó sì ń mi ìdí sọ́tùn-ún sósì, ó ń lu agogo sí i.

Ẹ ti rí i bí ènìyàn ṣe rí. Ẹ ní ikú ń bọ̀, wọn á ní kó jókòó. Ẹ ní arúgbó tú aṣọ, wọn á fò kalẹ̀ láìwọ bàtà. Àwọn obìnrin àjà kejì tú jáde. Àwọn ọmọ Tíṣà sáré kọjá lára bàbá wọn, Tíṣà ń sáré tẹ̀lé wọn, ó ní òun fẹ́ mú wọn padà. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ṣọ́bìrì sílẹ̀, nítorí òṣìṣẹ́ wo ló fẹ́ràn iṣẹ́ ju ìran lọ? Onílé alára sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"Ẹ mú obìnrin yìí! Ó ń ba ilé mi jẹ́ lójú ayàlégbé!"

"Ẹ wò ó dáadáa," ni Ìyá ń ké, òógùn bò ó. "Ẹ sún mọ́ mi. Ẹ ẹ̀ ní í rí irú ẹ̀ mọ́!"

"Orí ti yí Ìyá," ni obìnrin kan wí.

"Ẹ̀mí ló bà lé e," ni òmíràn wí.

Aránṣọ gbọ́ ariwo. Ó yọjú, ó rí ìyá ọkọ rẹ̀ lójú gbogbo àdúgbò nínú yẹ̀rì. Ìtìjú ṣe ohun tí ẹ̀rù kò lè ṣe. Ó sáré jáde, aṣọ ìgbéyàwó funfun wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọdá títì, ó sì fi aṣọ náà wé Ìyá láti èjìká dé orúnkún.

"Màámi! Kí ló dé tẹ́ ẹ ṣe èyí sí mi?"

Ìyá dì í mú lọ́rùn ọwọ́. Ó dì í mú bí ẹni di ọmọ tó fẹ́ já sódò mú.

Ilé mí. Bí ó ti rí létí wọn nìyẹn: ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ru ẹrù tipẹ́ tó sì rí ibi sọ ọ́. Àjà kẹrin tí wọn kò tíì kọ́ tán tẹ̀ síwájú, ó jókòó lé ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹta jókòó lé èkejì, gbogbo rẹ̀ sì wọlẹ̀ láì yára, bí arúgbó ṣe ń jókòó. Lẹ́yìn náà ni ariwo rẹ̀ tó dé. Lẹ́yìn ariwo, eruku. Ọ̀sán di òru. Ẹnikẹ́ni kò rí ọwọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tí eruku lọ sílẹ̀, gbogbo wọn ti di àwọ̀ kan náà: onílé, ayàlégbé, òṣìṣẹ́. Aṣọ ìgbéyàwó ti di àwọ̀ eérú. Níbi tí ilé wà, wọ́n ń wo ojú ọ̀run, wọ́n sì ń wo ẹ̀yìnkùlé àwọn ẹlòmíràn tí wọn kò rí rí. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù lódidi: ilẹ̀kùn tí Birikila yọ, tó ti ṣubú dọ̀bálẹ̀, tí kò tilẹ̀ ya.

Ẹnì kan ké "Halelúyà!" Òmíràn gbà á. Àwọn obìnrin dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń fò, wọ́n ń sunkún. Aránṣọ kúnlẹ̀ sínú eruku, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè: "Kò sí ẹnì kankan! Olúwa, kò mú ẹnì kankan nínú wa!"

Onílé jókòó sórí ìtì igi. "Àmúwá Ọlọ́run ni," ló ń wí. "Àmúwá Ọlọ́run ni."

"Ọlọ́run tí mo mọ̀," ni Ìyá wí láìgbé ohùn sókè, "n kò rí i kó gbé búlọ́ọ̀kù gun òkè rí."

Orin ìdúpẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àtẹ́wọ́ ti ń wọlé. Sísí, tó wà ní èjìká bàbá rẹ̀, ṣì di búrẹ́dì náà mú. Ó wo ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tó ń kọrin. Ó fọwọ́ tọ́ bàbá rẹ̀ létí.

"Bàbá Búrẹ́dì dà?"

"Ó wà níbi iṣẹ́."

"Rárá," ni ọmọ náà wí, ó sì na búrẹ́dì náà sí i pé kó wò ó. "Ó ti bọ̀."

Agogo jábọ́ lọ́wọ́ Ìyá.

Orin náà kò dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń kú díẹ̀díẹ̀, láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, bí ọ̀rọ̀ náà ti ń dé ọ̀dọ̀ wọn, títí ó fi ku ẹnì kan lẹ́yìn pátápátá tó ń pàtẹ́wọ́, tí ẹnì kan sì fọwọ́ kàn án.

Birikila ló kọ́kọ́ gun àwókù náà. Àwọn òṣìṣẹ́ tẹ̀ lé e. Tíṣà bọ́ ẹ̀wù, ó ń fi ọwọ́ lásán gbé búlọ́ọ̀kù, èékánná rẹ̀ ń ya. Wọ́n pe Ọlọ́dẹ, wọ́n dákẹ́, wọ́n tẹ́tí. Wọ́n tún pè é.

"Ẹ má pè é," ni Ìyá wí. Ó wí i sókè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọ́. "Kì í gbọ́ ìpè. Ó ní kí n wá fọwọ́ jí òun."

Oòrùn ti ń wọ̀ kí wọ́n tó débi tó wà. Wọ́n gbé e sórí ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn tí kò ṣí láàárọ̀, wọ́n sì gbé e sọdá títì. Ojú rẹ̀ kò bàjẹ́. Bí ẹni tó ń sùn lọ́sàn-án gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ ló rí.

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ti bá a mú ìró rẹ̀ wá, ó sì fi bo Ọlọ́dẹ láti ẹsẹ̀ dé àyà. Ó fi ìka yọ òwú kúrò ní etí ọ̀tún rẹ̀. Ó yí orí rẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó yọ ti òsì. Gbogbo ènìyàn dúró yí wọn ká. Aránṣọ ń retí àdúrà, ẹgbẹ́ àdúrà ń retí rẹ̀. Wọ́n ti tẹrí ba, nítorí àdúrà ni wọ́n mọ ẹnu rẹ̀ mọ́.

"Olúwa," ni Ìyá bẹ̀rẹ̀. "Ìwọ ni òrùlé wa. Bí ti ẹlòmíràn..."

Ó dúró níbẹ̀. Wọn kò gbọ́ ìyókù.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹnu sún mọ́ etí tó ti là náà, ó sì fi ọwọ́ lé èjìká ọkùnrin náà bí ẹni tó fẹ́ jí ènìyàn.

"Ẹni yìí ṣọ́ ọjà ẹlẹ́rù lóru, kò sì sí ẹni tó ṣọ́ ọ lọ́sàn-án. Èmi tó ṣèlérí láti jí i, mo ń jó. Olúwa, ilé wa ti wó. Ìwọ nìkan ni òrùlé tó kù. Fà á wọ abẹ́ ẹ. Fa gbogbo wa. Má yọ ẹnì kankan sílẹ̀ nítorí àdúrà tí mo ń gbà láràárọ̀."

Àmín kò tètè jáde. Nígbà tó sì jáde, ọ̀dọ̀ Birikila ló ti wá, ó rọra wí i, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀ àti símẹ́ńtì. Sísí sọ̀ kalẹ̀ lára bàbá rẹ̀. Ó gbé búrẹ́dì náà sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ Ọlọ́dẹ lórí ilẹ̀kùn, ó sì jókòó ti ìyá bàbá rẹ̀ láti dúró títí tí Bàbá Búrẹ́dì yóò fi jí.